Àrùn tó ń ṣù ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ: èwo la ó hú, èwo la ó gé, èwo ni kò kàn wá?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó wà láyìíká Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ lè gba ìmọ̀ràn mẹ́rin tí kò jọra. Ẹnì kan á ní kó máa fi iná yan ẹnu àdá rẹ̀ kó tó fi gé igi mìíràn. Ẹlòmíràn á ní ẹyọ igi tó ń ṣàìsàn nìkan ni kó gé, kó fi ìyókù tó wà nídìí kan náà sílẹ̀. Ẹnì kẹta á ní kó ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ omi gbígbóná kó tó gbìn ín. Ẹnì kẹrin á dé, á ní kó hú gbogbo ìdí náà dànù, tìyá tọmọ. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Kì í ṣe àrùn kan náà ni gbogbo wọn ń bá wí, àgbẹ̀ tó ń gbọ́ wọn ló rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ohun tó ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀, àwọn tó ti dàgbà, ló kọ́kọ́ ń mú: àmì rúsúrúsú á yọ lára wọn, á di dúdú, ewé á sì gbẹ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Cercosporiose ni àwọn agronóòmù, ìyẹn àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, ń pè é. Afẹ́fẹ́ àti omi òjò ló ń gbé e kiri, ẹni tó bá sì ń gé ewé tó ti gbẹ kúrò ti ń dín agbára rẹ̀ kù. Ọ̀kan jẹ́ kòkòrò ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń dá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lu nínú ilẹ̀, débi pé ìjì díẹ̀ ló máa gbé igi ṣubú tòun ti èso lórí. Òmíràn ń gbé inú ilẹ̀, ó ń gba gbòǹgbò wọlé, bí wọ́n bá sì la igi náà, wọ́n á rí i pé inú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà dé ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun tí a sì lè fi dí ọ̀nà náà yàtọ̀ síra. Ibi tí gbogbo ìmọ̀ràn yẹn ti ń kọlu ara wọn nìyẹn.

Èyí tó yẹ kó gba ọkàn àwa ará ìhín jù lọ ni bunchy top, àrùn tó ń ṣù ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ sórí igi. Àwọn tó ń sọ Faransé náà, bunchy top ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2012 ni ìwádìí tó kọ́kọ́ sọ pé ó ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ jáde. Ní 2013, ti Nàìjíríà jáde: ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti rí i, lápá ibi tí wọ́n ti bá wa pààlà. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó bá ti gba ẹnu ààlà Ìgòlò ti Bẹ̀nẹ̀ kọjá sí Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà rí mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ń gbé lápá ọ̀hún, àbúrò ń gbé lápá ìhín, oko wọn sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gba ìwé ìrìnnà. Ní Tógò, ọdún 2018 ni wọ́n rí i, wọ́n sì run gbogbo ìdí tí wọ́n bá a lára rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe ni pé wọ́n tètè rí i. Ọ̀rọ̀ títètè rí i yìí, a ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bunchy top ti mú tipẹ́ kò ṣòroó mọ̀. Ewé tuntun á máa jáde ní kúkúrú, ní tóóró, wọn á nà ró ṣánṣán dípò kí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀, etí wọn á pọ́n, gbogbo wọn á wá ṣù pọ̀ sórí igi. Igi náà kò ní ga mọ́. Kì í sábàá so. Bó bá tiẹ̀ so, ìdì rẹ̀ lè há sínú igi kó má lè jáde, tàbí kó jáde ní wíwọ́, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀ má tó ìka ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ìgbà yẹn, àrùn ti kúrò lára igi yẹn lọ sára àwọn mìíràn.

Àmì tó ṣáájú ni kí ẹ kọ́ ojú yín láti mọ̀. Ẹ já ewé kan nínú méjì tàbí mẹ́ta tó wà lókè pátá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú yín, kí ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ má wo ṣóńṣó ewé. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àárín, níbi tó ti ń sún mọ́ ọrùn ewé. Lára ewé tó dá ṣáṣá, iṣan wẹ́wẹ́ á lọ tààrà, àwọ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lára èyí tí àrùn ti mú, ẹ ó rí àwọn ìlà tó ṣú ju ara ewé lọ, tó ń já tó tún ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan á gùn díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ àmì tíntín kan lásán, òmíràn á tún gùn. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ kan òpó àárín, wọ́n á tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja kí wọ́n tó wọlé. Bí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bá bo ọrùn ewé, ẹ fi àtàńpàkò nù ún kúrò. Àwọn ìlà kan náà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé mọ́, kò sì gba ìwé kíkà.

Kí ló ń fà á? Fáírọ́ọ̀sì ni. Kì í gbé inú ilẹ̀, omi òjò kì í gbé e, afẹ́fẹ́ lásán kò lè fẹ́ ẹ dé oko ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í tara àdá ran igi. Ọ̀nà méjì péré ló ní: kòkòrò kan tí àwọn agronóòmù ń pè ní puceron, àti ọwọ́ àwa èèyàn.

Puceron ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kéré gan-an, kò tó mìlímítà méjì, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú. Lẹ́nu ilẹ̀ níbi tí èèpo ti lẹ̀ mọ́ ara igi, nínú ewé tí kò tíì là, àti lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ẹ ó ti bá a, lágbolágbo. Bí ẹ bá rí i tí èèrà ń gòkè tó ń sọ̀ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣáá, ẹ ṣí èèpo ìdí rẹ̀ wò. Omi dídùn tí puceron ń yọ jáde ni èèrà ń wá lá, torí ẹ̀ ló ṣe ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ dúkìá. Puceron a máa ki ẹnu rẹ̀ bọ ara ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa fa omi rẹ̀ mu. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá ní àrùn, wákàtí díẹ̀ tó bá fi mu lára rẹ̀ ti tó kó fi kó fáírọ́ọ̀sì, kò sì ní bọ́ lára rẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ohun tó dára díẹ̀ níbẹ̀ ni pé kì í bí i mọ́ ọmọ rẹ̀. Puceron tuntun, àfi kó lọ mu lára igi aláìsàn kó tó di agbérùn. Nítorí náà, bí igi aláìsàn kò bá sí, puceron tó kù lóko kò lè ran ẹnikẹ́ni.

Puceron kì í fò jìnnà. Àwọn tó wọn ìrìn àrùn yìí nínú oko ní Ọsirélíà rí i pé láti igi aláìsàn kan sí èyí tó ràn, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 sí 17. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu ń lọ sí 100 kìlómítà. Bí puceron nìkan bá ni, ìgbà wo ló máa rìn ín dé? Àwa la ń gbé e gun zémìjáànì, ọ̀kadà wa. Àwa la ń dì í sẹ́yìn ọkọ̀ láti ọjà, láti oko àna, láti oko ọ̀rẹ́. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn tí bunchy top ní, puceron kàn ń bá a pín in kiri nígbà tó bá ti dé ni.

Ibi tó ń dani rú jù lọ nìyí: ìyá tó dára, tó so dáadáa, lè bí ọmọ tí kò ní so láéláé. Ẹ óò gbọ́ tí èèyàn máa ń ní, “Ojú mi báyìí ni mo fi rí ìyá rẹ̀, ìdì tó wà lórí rẹ̀ kò ṣeé dá gbé.” Òótọ́ ló ń sọ. Bí puceron bá fi àrùn sára igi lónìí, ó lè tó oṣù kan kí àmì tó yọ, ó lè tó méjì, ó sì lè sún mọ́ mẹ́ta. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí igi ti ń yọ ìdì ni àrùn dé, igi náà lè gbó èso rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kò dúró lójú kan. Á gba inú igi sọ̀ kalẹ̀ sí kókó ìdí tó wà nínú ilẹ̀, níbi tí gbogbo ọmọ ti so mọ́ ìyá wọn, á sì tibẹ̀ wọ ara gbogbo wọn. Ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn ló gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún dúpẹ́.

Ó dáa, ìmọ̀ràn iná àti àdá ńkọ́? Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ìyẹn ti wá. Ní Ùgáńdà, láti 2001, àrùn kan tí bakitéríà ń fà ti ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ kọjá sísọ. Ewé á rọ, èso á pọ́n láìtọ́jọ́, bí wọ́n bá gé igi náà, omi yíyi tó pọ́n díẹ̀ á máa sun jáde. Bakitéríà yẹn ń bá ẹnu àdá rìn, àwọn kòkòrò tó ń bà lé òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń gbé e. Nítorí náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti fi igi tó ya pàlàkà ṣẹ́ ọkàn òdòdó tó rọ̀ sísàlẹ̀ ìdì, kì í ṣe láti fi ọ̀bẹ gé e, kí wọ́n sì máa fi iná yan àdá tàbí kí wọ́n fi omi Javel, omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, fọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn tó péye ni, fún àrùn tiwọn. Fídíò rẹ̀ kò dúró níbẹ̀ o, WhatsApp ti gbé e káàkiri, ẹni tó bá sì rí i kò ní mọ̀ pé àrùn ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn lè fi iná yan àdá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, bunchy top kò ní mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Láti Ìlà-Oòrùn yẹn náà ni “gé ẹyọ kan, fi ìyókù sílẹ̀” ti wá, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi ń gba ìmọ̀ràn kan tí kò gba òmíràn. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ìdí ni wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ Ùgáńdà àti àwọn aládùúgbò wọn máa hú. Iṣẹ́ náà wúwo, ó ń pa ni lára, ọ̀pọ̀ kò sì ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé bakitéríà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ara gbogbo ọmọ tó wà nídìí kan. Bí wọ́n bá gé èyí tó ń ṣàìsàn mọ́lẹ̀ kíákíá, tí wọ́n sì ń tẹra mọ́ ọn, ìyókù lè yè. Ìmọ̀ràn di fúfúyẹ́, àwọn èèyàn sì gbà á. Ó wuni pé ká lè ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín náà. Kò ṣeé ṣe, nítorí fáírọ́ọ̀sì tiwa ń dé ara gbogbo wọn. Bí ẹ bá gé ẹyọ kan tí ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀, mẹ́ta tó ní àrùn lẹ fi sílẹ̀.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ó dára. Ó ń pa ẹyin àti ìdin kòkòrò tó ń dá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lu, ó sì ń pa aràn tíntìntín tó ń jẹ gbòǹgbò. Kò rí fáírọ́ọ̀sì gbé ṣe. Ẹni tó ń bọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi gbígbóná kó máa bá a lọ, kó ṣáà má rò pé ó ti wẹ bunchy top kúrò lára rẹ̀.

PIF náà yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń rí owó níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: wọ́n á wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á họ kókó ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi funfun, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á la ọkàn rẹ̀ kó má bàa dá ga, wọ́n á wá gbé e sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn là, lábẹ́ ọ̀rá tí kò jẹ́ kí ooru sá. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ojú ọmọ tó wà lára rẹ̀ á hù, ẹyọ kan á di ogún, á tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Àmọ́ PIF ń sọ ọ̀kan di púpọ̀ ni, kì í wo àrùn sàn. Bí ìyá tí wọ́n fi ṣe é bá ní bunchy top, ogún aláìsàn ni wọ́n bí, wọ́n á kó wọn sínú àpò, wọ́n á tà wọ́n fún ogún ilé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó ń rà á rò pé òun ti ra ohun tó mọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ìwádìí, vitroplant, sàn jù bí wọ́n bá ti yẹ ìyá rẹ̀ wò fún fáírọ́ọ̀sì. Bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta PIF, ẹ má bèèrè iye tó ń tà á nìkan. Ẹ bèèrè ibi tó ti rí ìyá rẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni láti INRAB tàbí IITA tó wà ní Abomey-Calavi, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, tàbí láti ATDA, iléeṣẹ́ ìjọba fún ìdàgbàsókè ọ̀gbìn, ti wo oko yẹn rí, ẹ sì ní kó mú yín lọ wo àwọn tó kù níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí híhú. Bí wọ́n ṣe ń hú u ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, ohun tí wọn kò mọ̀ yìí sì ń sọ ìwòsàn di àrùn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ àdá sí igi aláìsàn, tí ẹ gé e wó, puceron tó wà lára rẹ̀ kò ní dúró kú sí i. Oúnjẹ wọn ti ń gbẹ, wọ́n á wá ibòmíràn lọ, gbogbo wọn ló sì ti ru fáírọ́ọ̀sì. Ẹ ti lé wọn sínú oko fúnra yín. Torí náà, puceron ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Àwọn kan ń lo oògùn kòkòrò, àwọn kan omi ọṣẹ, àwọn kan a máa da karosíìnì díẹ̀ sínú ọkàn ewé àti sí ìdí igi. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó dé inú ọkàn ewé tí kò tíì là, ìdí èèpo, àti ara gbogbo ọmọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wú u tòun ti kókó ìdí, kì í ṣe ẹ̀yà òkè nìkan, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó lè tètè gbẹ, ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbé e kọjá láàárín oko. Ẹ máa padà wo ojú ibẹ̀, nítorí bí ègé kókó kan bá ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀, á hù, èyí tó bá hù á ní àrùn.

Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wáyé lóko nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó wá láti ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn á kúnlẹ̀ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á dìde, á máa wá bí yóò ṣe sọ ọ́.

“Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ìdí yìí ló máa kúrò.”

“Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ẹyọ kan ló ń ṣàìsàn. Wo méjì yìí, wọ́n tutù yọ̀yọ̀.”

“Inú ìdí kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, Bàbá. Ohun tó wà lára ọ̀kan ti wà lára gbogbo wọn.”

“Ó dáa. Tí mo bá wá hú u, ìwọ lo máa fún mi lówó rẹ̀?”

Èèyàn lè pe bàbá yẹn ní alágídí. Èmi kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló ń ṣe. Ohun tí ó máa pàdánù wà níwájú rẹ̀, ó ń rí i, ó mọ iye tí àwọn tó ń din àlókò (dòdò) ń rà á ní ọjà Ouando. Ohun tí ó máa jèrè kò tíì sí, ó sì lè má sí, bí aládùúgbò rẹ̀ kò bá hú tirẹ̀. Nǹkan bíi mítà 15 sí 17 ni àrùn sábà máa ń fò, ààlà oko rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ sí ti ẹni kejì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣe ààlà náà. Ta ló máa hú u, èmi àbí ìwọ? Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ àyálò ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún onílẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, ti ìyá ni, bàbá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ yìí gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Àwọn òṣìṣẹ́ á yẹ oko wò, wọ́n á hú ti oko, èyí tó wà lẹ́yìn ilé á wà níbẹ̀ tí yóò máa tọ́jú fáírọ́ọ̀sì de ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́, látọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá mọ́ sì ń gba owó. Ẹ bá mi sọ fún obìnrin tó fẹ́ gbin ọgbọ̀n ìdí pé kó kọ èyí tí àǹtí rẹ̀ fún un, kó lọ ra ọgbọ̀n PIF. Kì í ṣe owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú àǹtí wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó ń polongo híhú nìkan ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù. Híhú ń dunni nítorí pé ó pẹ́. Ẹni tó bá ń gbé ewé sí oòrùn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìdí kan péré ló máa bá, ìdí kan ló sì máa hú. Ẹkún ìdí kan kò pọ̀. Ẹni tó dúró títí ewé fi ṣù sórí ti ní mẹ́wàá tàbí ogún láti hú, kò sì sí ẹni tó máa fi ayọ̀ hú ogún. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò gba owó, kò gba oògùn, kò nílò kí aládùúgbò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan kò bá lè ṣe ju ohun méjì lọ, kó jẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò àti kíkọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò mọ oríṣun rẹ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé àrùn yìí kò ṣeé borí, kó wo Ọsirélíà. Ọdún 1913 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, láti ara ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó wá láti Fíjì. Láàárín 1920 sí 1930, ní àwọn àfonífojì tó ti jẹ́ ibùjókòó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, ó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá oko tó di aṣálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Oríṣiríṣi ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ilẹ̀, omi, ojú ọjọ́. Ní 1927 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Magee fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni, pé puceron àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbé e. Kò sí oògùn kankan tó ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi òfin de kíkó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri láìgbàṣẹ, wọ́n yan àwọn ayẹkowò, gbogbo ìdí tó bá sì ní àrùn ni wọ́n ń pa run, tẹni tó fẹ́ àti tẹni tí kò fẹ́. Kí ọdún 1940 tó dé, oko ti padà. Àrùn náà kò parẹ́ níbẹ̀ títí di òní, wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwa ni pé wọ́n ní òfin tó múlẹ̀ àti owó fún ayẹkowò. Níhìn-ín, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti baálẹ̀ ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn: kí abúlé kan fẹnu kò pé ọjọ́ báyìí la ó yẹ gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò, ti oko àti ti ẹ̀yìn balùwẹ̀, kí wọ́n sì jọ hú èyí tó bá yẹ ní híhú, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ń hú kí ẹnì kejì máa wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ilẹ̀ náà kò bà jẹ́, kò ní àrùn nínú. Ẹ lè gbin àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi rí i dájú pé kókó kankan kò hù mọ́ kí ẹ tó tún gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun wá.

Ìbéèrè kan tí wọn kì í yéé bi èèyàn: ṣé a lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá so lára igi aláìsàn? A lè jẹ ẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, kì í sì í ṣe ẹran. Ewúrẹ́ lè jẹ ewé rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gé e tútù gbé e kọjá oko lọ bá ewúrẹ́ nílé, puceron lè wà lára rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ oògùn kòkòrò tàbí karosíìnì ni ẹ fi pa puceron náà, kì í ṣe omi ọṣẹ, ewé yẹn kò gbọdọ̀ dé ẹnu ewúrẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ká èso rẹ̀ jẹ.